Ọwọ́ Tí Wọ́n Fi Ń Kí Bulan

Ẹni tó bá sọ pé Bagul ìyá Zaibul kì í ṣe olórí kunkun, olúwarẹ̀ ò bá a fa okùn ọkọ̀ rí ni. Mohana ni, ẹ̀yà apẹja, ọmọ odò Sindhu. Inú ọkọ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí, lórí Ibú Kanwal gan-an, nígbà tí àwọn Mohana ṣì ń gbé orí omi tọmọ tẹbí. Nígbà tí odò fà tí ẹja sì wọ́n, wọ́n gòkè, wọ́n fi ìféfé kọ́ ilé sétí omi, oníkálukú sì ta ọkọ̀ rẹ̀. Bagul fi àáké kọ́rí pé ọkọ̀ bàbá òun ò ní di igi ìdáná ẹnikẹ́ni. Sumar ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀, a máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó kan ni mo ní mo fẹ́, wọ́n bá fi ọkọ̀ lé e fún mi. Ọkọ̀ ń jò nídìí, ìyàwó ń jò lẹ́nu."

Ohun tó wà láàárín Bagul àti bulan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Bulan kì í ṣe ẹja o, ẹ má jẹ́ kí ìrù rẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹran odò ni, ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ojú rẹ̀ ò ríran, afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí ló ń mí, ọmú ló sì ń fún ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní èèyàn ni látijọ́, ìyá ọlọ́mọ tó wọnú omi tí kò jáde mọ́. Nítorí náà, ní ìletò ti Bagul, bí bulan bá yọrí mí, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, wàá jù ú sílẹ̀. Wàá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wàá fi kan iwájú orí rẹ, wàá ní, "Ìyá, a rí ọ o." Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é. Wọ́n ní ẹni tí bulan yọ sí tí kò kí i, odò ò ní dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń rì.

Lọ́dún tí Bagul ṣe ìyàwó tuntun, àwọn apẹja àjèjì kan dẹ àwọ̀n dí ibú kan nísàlẹ̀ odò. Bulan há sínú rẹ̀, kò ríbi yọrí mí, ó kú. Wọ́n wọ́ ọ gòkè, bí wọ́n sì ti ń wọ́ ọ ni wàrà ọmú rẹ̀ ń ṣàn sórí iyanrìn. Oyún Zaibul wà nínú Bagul nígbà náà. Ó dúró níbẹ̀, ó di ọmú ara rẹ̀ mú, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó délé, ó sọ fún Sumar pé, "Ẹ gbọ́ o. Bí mo bá wà láyé, àwọ̀n ò ní dí Ibú Kanwal."

Zaibul ti wá dàgbà, ó ti wà nílé ọkọ ní ìlú Sukkur, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá kan ilẹ̀kùn. Wadero Mitho, ọlọ́lá tó ni gbogbo oko àlìkámà tó wà lẹ́yìn ìletò, ló rán Lutuf ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó ní nígbà òtútù yìí tí omi ti fà, òun fẹ́ fi àwọ̀n dí Ibú Kanwal láti etí kan dé ìkejì, kí òun kó gbogbo ẹja ibẹ̀. Ṣé ẹ mọ Lutuf? Ọkùnrin tó máa ń fi òróró pa irun títí eṣinṣin á fi yọ̀ ṣubú níbẹ̀.

Chacha Angario, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ìletò, mi orí. "Lutuf ọmọ mi, bulan ń tọ́mọ nínú ibú yẹn. Àwọn bàbá wa ò jẹ́ kí àwọ̀n dí ibú tí bulan wà."

"Bulan wo, Chacha? Ta ló rí i? Ẹran yẹn ti tán níbí."

"Èmi rí i," Bagul dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ìyá àtọmọ. Mo rí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Lutuf rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ẹ má fi tèmi ṣe. Bí ẹ bá ní kí obìnrin yìí búra, á búra pé òun rí bulan tó ń gun kẹ̀kẹ́."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, ó sì dun Bagul, nítorí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ni òun ń dáná fún nígbà ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n kúkú lọ wò ó. Wọ́n gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí Lutuf gbé wá, wọ́n ń dún gbàràgbàrà kiri ibú títí oòrùn fi kan àtàrí. Kí ni wọ́n rí? Omi. Bulan wo ló fẹ́ jókòó gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀? Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà dé, Chacha Angario ò lè gbè sẹ́yìn ẹnì kan mọ́.

"Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi í wò ó," ó ní. "Bá a bá kírun Jímọ́ọ̀ tán, ẹni tó bá ní ohun tí ojú wa lè rí, kó mú un wá. Bí bulan bá wà, àwọ̀n ò wọ ibẹ̀. Bí kò bá sí, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi dá Wadero dúró."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Bagul ránṣẹ́ sí Zaibul ní Sukkur. Ọkọ Zaibul, Riyaz, ń ya àwòrán níbi ìgbéyàwó, ó sì ní kámẹ́rà àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ gùn síta bí ọmọ odó. Ọmọ náà mú un wá fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Amma, ẹ fi ojú síbí, ẹ fi ìka tẹ ibí. Kò le. Ìyàwó tuntun nìkan ni kámẹ́rà yìí yà rí, àwọn yẹn sì máa ń jókòó jẹ́jẹ́."

"Èyí tí mo fẹ́ yà náà, ìyá ìkókó ni," Bagul fèsì. "Ọmọ ò ní jẹ́ kó jókòó."

Ó lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láti fi ya ẹyẹ àkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi tan ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, títí inú fi bí ẹyẹ náà tó kẹ̀yìn sí i. Àwòrán náà mọ́ gaara. Bagul gbà pé òun ti mọ iṣẹ́.

Kùrukùru ò tíì ká tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí òun àti Sumar fi dé ibú. Sumar gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó sì dì í mú kí ọkọ̀ má baà sún. Bagul dúró níwájú pẹ̀lú kámẹ́rà lójú. Wọ́n dúró títí tíì inú ife fi di omi yìnyín. Lójijì, fùùù! Bulan yọrí, ẹnu gígùn yẹn jáde, eyín rẹ̀ hàn ṣákáṣáká. Kí ni Bagul ṣe? Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fò kúrò lára kámẹ́rà, ó lọ sókè, ó kan iwájú orí. "Ìyá, a rí ọ o!" Bulan kì í sì pẹ́ lókè omi ju kéèyàn sín lọ. Kó tó rántí pé iṣẹ́ lòun wá ṣe, omi ti padé.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti kó ìbínú rẹ̀ lé e lórí, ló bá rí i pé Sumar náà ti ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fọwọ́ kan orí, ọkọ̀ sì ti rọra yí po, ó kẹ̀yìn sí ibú.

"Bàbá Zaibul! Ta ló ní kí ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀?"

"Ta ló ní kí ìwọ fi kámẹ́rà sílẹ̀?"

Bulan tún yọ nígbà díẹ̀ sí i, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì tún kí i. Ìgbà tí wọ́n fi délé, òbìrìkítí omi nìkan ló wà nínú kámẹ́rà. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìẹ.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Bagul já ìṣẹ́tí ìborùn ajrak rẹ̀, ó fi so ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mọ́ kámẹ́rà dan-in dan-in. Ó ní ká wò ó bí yóò ṣe fò lọ. Bulan yọ. Ọwọ́ náà fò lọ, ó sì gbé kámẹ́rà dání! Kámẹ́rà fọ́ iwájú orí Bagul pàá. Kókó tó so níbẹ̀ tó ẹyin àdàbà. Sumar rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀.

"Ó kéré tán, bulan mọ̀ pé o bọ̀wọ̀ fún òun," Sumar sọ.

"Ẹ máa rín in. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ́ ọ gòkè, kí ẹ rín ìyẹn náà."

Sumar dìde nínú omi. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré.

Ní Àlàmísì, Bagul pinnu pé òun ò ní kí i rárá. Ó pa eyín pọ̀, ó fún kámẹ́rà mọ́wọ́. Bulan yọ nítòsí débi pé omi ta sí wọn lára, ọmọ rẹ̀ sì fara ti ìhà rẹ̀. Bagul ò kí i. Àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ọ̀run lásán ló sì yà. Ó délé, kò lè fẹnu kan búrẹ́dì ìrẹsì àti ẹja díndín tí aládùúgbò gbé fún un. Ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Jamul ìyá rẹ̀ ló wà lórí ibùsùn olókùn nínú yàrá náà. Ojú ìyá àgbà yìí ti fọ́, láti ọdún tí ojú sì ti fọ́ ni kò ti wọnú ọkọ̀ mọ́. Nígbà èwe rẹ̀, okùn ìdákọ̀ró ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọ-n-dinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, débi pé Amma Oníka Mẹ́ta ni àwọn ọmọdé ìletò ń pè é, òun náà a sì máa jẹ́ wọn.

"Bagul, o ò tíì bú ẹnikẹ́ni láti àárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

Bagul rò fún un, pẹ̀lú ẹkún. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́.

"Òmùgọ̀ ọmọ. Nígbà tó o ń fún Zaibul lọ́mú nínú ọkọ̀, tí ọwọ́ rẹ méjèèjì ò gbà, tí bulan bá yọ, ta ló ń bá ọ kí i?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé odò bá ọ wí?"

Bagul gbójú sókè. Ó sún mọ́ ibùsùn. "Amma, ẹ máa bá mi lọ sódò láàárọ̀ ọ̀la."

"Èmi? Pẹ̀lú ojú wo?"

"Ọwọ́ ni mo fẹ́, mi ò béèrè ojú."

"Ọwọ́ náà ò kúkú pé."

"Èyí tó kù ti tó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, Amma, ti àgbà ò wọ kèrèǹgbè. Ẹ bá mi kí i, kí n ráyè yà á."

Bí ilẹ̀ Jímọ́ọ̀ ṣe ń mọ́, Sumar gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ pọ̀n, ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Gbogbo ìletò ló jáde wò wọ́n, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pariwo pé Amma Oníka Mẹ́ta ti di ọmọ ọwọ́. Jamul ń bú wọn láti orí ẹ̀yìn, ó ń bú Sumar náà. "Rọra o! Kì í ṣe àpò àlìkámà lo gbé. Àpò àlìkámà gan-an, èèyàn ń ṣe é jẹ́jẹ́." Wọ́n gbé e jókòó síwájú ọkọ̀, Bagul dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Zaibul," Bagul sọ, "Amma ló ń kí i fún gbogbo wa lónìí. Bí ọ̀pá yẹn bá kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má padà wálé."

Bí wọ́n ṣe dé ibú ni ìyá àgbà ṣíwọ́ èébú. Ó fọwọ́ tọ́ omi wò, ó fi pa ẹnu, omijé sì jáde lójú tí kò ríran mọ́ náà. Oòrùn ń gòkè, kùrukùru ń ká, bulan ò yọ. Bagul ń gbàdúrà nínú. Ọjọ́ ti pé, kò sí òmíràn. Bí ọjọ́ yìí bá lọ bẹ́ẹ̀, àwọ̀n Lutuf ń bọ̀ lọ́la, ọmọ bulan yẹn ò sì tíì mọ ọ̀nà tí yóò gbà sá.

"Ó ń bọ̀," Jamul sọ wẹ́lẹ́.

"Níbo, Amma? Mi ò rí nǹkan kan."

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o múra."

Fùùù! Ọwọ́ Jamul lọ sókè. "Ìyá, a rí ọ o!" Ohùn rẹ̀ ró gba orí omi kọjá. Sumar lẹ̀ mọ́ ọ̀pá bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ọwọ́ Bagul ò sì mì. Ìka rẹ̀ tẹ kámẹ́rà, kẹ́kẹ́kẹ́, bulan sì wọmi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Bagul sáré wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bulan wà níbẹ̀! Ẹnu gígùn, eyín, orí ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló dára nínú gbogbo ohun tó yà, nínú ẹyọ kan náà sì rèé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ dá àwòrán sí méjì, ó bo ìdajì ibú.

"Amma! Ọwọ́ yín! Ẹ fi ọwọ́ ba àwòrán jẹ́!"

"Kí lo ní kí n wá ṣe níbí? Ṣé ẹsẹ̀ lo ní kí n fi kí i ni?"

Wọ́n dúró, dúró, bulan ò yọ nítòsí mọ́. Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti etí odò. Bagul jókòó, ojú ń tì í pé òun jágbe mọ́ ìyá òun, inú sì ń bí i pẹ̀lú.

"Ṣé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lóòótọ́?" Jamul béèrè.

"Ó wà níbẹ̀, Amma. Ó kéré."

"A dúpẹ́. Kí lo wá ń sunkún sí?"

Lẹ́yìn ìrun, gbogbo wọn péjọ sábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí odò. Lutuf ti gúnwà, òróró ń kán sọ́rùn rẹ̀. Bagul jáde síwájú, ó gbé kámẹ́rà sókè fún Chacha Angario. Nítorí pé ojú ọwọ́ yẹn ń tì í, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ bulan nìkan ni wọn yóò rí. Bàbá àgbà wò ó. Àwọn ọkùnrin yí i ká, wọ́n ń pariwo, "Bulan ni! Tìyá tọmọ!"

Lutuf na ọrùn, òun náà wò ó. Kò tilẹ̀ bínú.

"Bulan ni. Mi ò jiyàn. Àmọ́ bulan ibo? Odò Sindhu gùn. Ọkọ ọmọ obìnrin yìí ń ya àwòrán ní Sukkur, ta ni kò mọ̀? Fóònù mi yìí gan-an, bulan mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Omi ò kọlà, ẹ̀yin àgbà. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé omi ibú tiyín nìyí?"

Ariwo rọlẹ̀. Àwọn tó ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Bagul fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ tó ń jò lójoojúmọ́ gbẹ táútáú. Lójú ọkàn rẹ̀, ó rí wàrà lórí iyanrìn, bó ṣe rí i lọ́dún tó lóyún Zaibul.

"Bagul," Chacha Angario pè é, "kí lo fi àtàǹpàkò bò?"

"Kò sí nǹkan, Chacha. Àwòrán ló bà jẹ́ níbẹ̀."

"Gbé e kúrò kí n rí ìbàjẹ́ ọ̀hún."

Ó gbé e kúrò. Bàbá àgbà gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó wá gbé e fún ẹni tó kàn án, ìyẹn gbé e fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín rọra ń ti ojú kan bọ́ sí ìkejì. Ìka mẹ́ta péré nà sókè nínú àwòrán náà, bulan àti ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Ṣé wọ́n nílò kí ẹnì kan sọ fún wọn pé ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ tó ti gbẹ̀bí ìdajì wọn nínú ọkọ̀ ni. Ọwọ́ tí kò dé orí odò láti ọdún mélòó kan, àfi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí gbogbo wọn jáde wá wò ó lórí ẹ̀yìn Sumar.

Chacha Angario yíjú sí Lutuf. "Àwọn bulan mẹ́fà inú fóònù rẹ yẹn, ọmọ mi, ọwọ́ Amma Jamul wà lára wọn?"

Ẹ̀rín bú gbàmù. Lutuf dìde. Ó ní Wadero á gbọ́ ọ. Chacha Angario ní kó bá àwọn kí i, kó sì sọ fún un pé àwọ̀n ò wọ Ibú Kanwal. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Bagul sáré bá ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ oníka mẹ́ta yẹn mú, ó fi pa ojú ara rẹ̀.

"Kí ni wọ́n rí?" Jamul béèrè.

"Ọwọ́ yín ni wọ́n rí, Amma."

"Ìyẹn tí mo fi ba àwòrán jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Amma. Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Ebi ló ń pa mí."

Jamul kú kí omi tó kún odò lọ́dún náà. Riyaz tẹ àwòrán náà jáde, ó tóbi, ó wá bi Bagul bóyá kí òun fi ẹ̀rọ yọ ọwọ́ náà kúrò kí bulan lè hàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe bí ẹnì kan bá kọjá níwájú ìyàwó. Bagul ní bó bá dán an wò, kó máa mú Zaibul bọ̀ wálé. Riyaz fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún un, Bagul sì ń lọ sí ibú lójoojúmọ́ tí kùrukùru bá ti ká, nítorí ó ní Lutuf ò kú, Lutuf lè padà wá.

Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, bulan àti ọmọ rẹ̀ yọ nítòsí ọkọ̀, ọmọ náà ti gùn dé ìdajì ìyá. Ìmọ́lẹ̀ dára, kámẹ́rà wà lójú Bagul. "Yà á!" Sumar ń pariwo. "Ìyá Zaibul, yà á!" Bagul jẹ́ kí kámẹ́rà já bọ́ sórí àyà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ká ọmọ-n-dinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e wọ àtẹ́lẹwọ́, ó wá fi mẹ́ta tó kù kí bulan. Sumar rí ìka náà. Ọkọ̀ sì yí po, nítorí òun náà ti ju ọ̀pá sílẹ̀.